Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: kí lẹ̀yin rí?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ẹ̀yin ará ilé, Ọ̀kun o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí mi ò lè sọ ọ́ délé. Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá ní Kàbà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la sin wọ́n, a pa màlúù, a ra aṣọ ẹbí, òkú wà ní mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ 8 kí àwọn tó wà lókè òkun tó lè wálé. Owó ò tó, la bá ta oko kajú bàbá, éékà 3. Mi ò sunkún nígbà yẹn rárá, mo kàn ń sáré kiri ni. Àfi bó ṣe di oṣù kejì ọdún yìí, mo wà níbi iṣẹ́ l'Ábùjá, ẹnìkan gbé kajú pupa inú ọ̀rá wọlé, bí òórùn ẹ̀ ṣe kàn mí nímú báyìí ni ẹkún dé. Mo sá wọ ilé ìtọ̀, mo sun ún bí ọmọdé. Mo wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ó ní owó oko ló ń dùn mí, pé tó bá jẹ́ bàbá ni mò ń sunkún ẹ̀, ǹ bá ti sun ún lójú oórì. Ọmọ ọdún 38 ni mí. Ṣé òótọ́ lẹ̀gbọ́n mi sọ? Irú èèyàn wo ni mí tí oko ń pa lẹ́kún ju bàbá lọ?

* * *

Àbúrò mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ̀yìn bàbá á dára. Jẹ́ kí n máa pè ọ́ ní àbúrò torí ọjọ́ orí tó o kọ yẹn, nọ́ọ̀sì ni mí, mo ṣiṣẹ́ fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì, Ìsánlú ni mo wà báyìí. Mo ti rí ẹkún oríṣiríṣi.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbọ́ nínú ẹ̀ ni pé kéèyàn má jẹ́ kí ẹkún bo òun lójú débi tí á fi kọsẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Èmi ti wá gbà pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ojú ò rí nígbà tó gbẹ, ó máa ń rí i nígbà tó bá tutù.

Nítorí náà bi ara rẹ ní nǹkan kan. Ká ní ẹnìkan san gbogbo owó oko yẹn padà sínú àkáǹtì rẹ lónìí, tí kò dín kọ́bọ̀, ṣé omijé yẹn á dá? Má dáhùn níbí o. Lọ jókòó síbi tó dákẹ́, dáhùn ẹ̀ fún ara rẹ. Tó bá máa dá, a jẹ́ pé owó ni lóòótọ́, ìyẹn náà ò sì sọ ẹ́ di èèyàn burúkú, ó kàn ń sọ fún ẹ pé ìfọ̀kànbalẹ̀ ló jẹ ẹ́ lógún, pé o ò fẹ́ kí ọ̀la ká ẹ mọ́ lójijì, ọ̀pọ̀ wa tí a dàgbà nílé tí owó ilé ìwé kì í ti í pé ló rí bẹ́ẹ̀. Tí kò bá dá, nǹkan míì wà nínú oko yẹn. Kí ni ìwọ àti bàbá máa ń ṣe níbẹ̀? Òun ni kó o wá kọ fún wa.

* * *

Mo ti ka gbogbo èsì láti àná. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú ló gba iwájú, mo mọ̀ pé á gbà á. Àwọn kan ní òmùgọ̀ ni ẹni tó ta oko nítorí ọjọ́ kan. Àwọn kan ní ẹni tí kò bá sin bàbá ẹ̀ dáadáa, ọmọ tiẹ̀ náà á gbé e jù sígbó. Ẹnìkan láti Ìyàrá sọ ohun tó mọ́gbọ́n wá jù, ó ní wọn ì bá má tà á, kí wọ́n yá ẹnìkan ní àwọn igi náà fún ìkórè ọdún 3, kó sanwó sílẹ̀, kí oko sì padà sílé. Èmi náà mọ ilé tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹfààní wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹ sì ní ẹlẹ́rìí, torí ọdún 3 ti di ọdún 9 mọ́ àwọn kan lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò bá àwọn tó ń pè é ní òmùgọ̀ ṣe. Ẹ wo àwọn ará Bùnú wa nílẹ̀ Ọ̀kun níbí. Aṣọ ìpò, aṣọ pupa yẹn, ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń fi gbogbo ọjọ́ ró. Òun ni wọ́n ń fi sin àwọn olóyè àti àgbà tó bá tó bẹ́ẹ̀, òun ni eégún ń gbé wọ̀, ó wọ́n gan-an láyé àtijọ́, kódà wọ́n ti tú òwú pupa lára búláńkẹ́ẹ̀tì rí kí wọ́n lè rí i hun. Ẹni tó jókòó tú búláńkẹ́ẹ̀tì ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan nítorí òkú, kò ya òmùgọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni yìí ò gbọdọ̀ lọ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ rí. Ìnáwó òkú ní ohun tó ń sọ. Ìbéèrè mi ni pé ta ló ń sọ ọ́, ta ló sì ń sọ ọ́ fún? Tí ẹ bá pa màlúù torí bàbá fẹ́ràn kí ilé kún, ó dáa. Tí ẹ bá pa á torí kí àwọn ará Èkó àti Kàdúná tó wálé má fi yín ṣẹ̀sín, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìtìjú lẹ ná owó lé lórí. Lẹ́yìn ọdún kan, ara máa ń tu ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́. Èkejì máa ń gún ẹni tó ṣe é lọ́kàn.

Ẹ ò rí i, òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn.

* * *

Ọ̀gbẹ́ni tó ní ìpele márùn-ún ni ìbànújẹ́ ní, pé àbúrò wa yìí ti fo ìpele kan ló jẹ́ kí ẹkún ẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Rárá sir. Àwa nọ́ọ̀sì la máa ń ka ìyẹn jù ní ilé ìwé. Dókítà obìnrin kan, Elisabeth Kübler-Ross, ló kọ ọ́ síta ní 1969, àwọn aláìsàn tó mọ̀ pé àwọn fúnra wọn ń kú lọ ló sì bá sọ̀rọ̀. Kíkọ̀ láti gbà, ìbínú, ìdúnàádúrà, ìrẹ̀wẹ̀sì, gbígbà, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kú ló jẹ́ kí wọ́n tó gbé e wọ ọrùn àwọn tó kù sílé. Kò sì pọn dandan kí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bíi kíláàsì. Mo ti rí obìnrin tó rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ tí ọkọ ẹ̀ kú, tó sì wá ṣubú lulẹ̀ lẹ́yìn oṣù 7 torí ó rí bàtà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn ìgbà yẹn ń sọ ni pé èèyàn máa ń lọ ó ń bọ̀ ni, lónìí á kojú àdánù náà, lọ́la á kojú iṣẹ́ àti owó ilé ìwé ọmọ, kó tó tún padà síbi ẹkún. Àbúrò wa ṣe tọ̀la kó tó ṣe tòní, kò sí àìsàn níbẹ̀.

Ibi tí àìsàn ti lè wọ̀ ọ́ rè é, mo fẹ́ kí ẹ kà á dáadáa: Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ìbànújẹ́ tí kò lọ mọ́ àwọn ohun tó ń fẹ́ ìtọ́jú. Tó bá ti lé ní oṣù 6 tí èèyàn ò lè ṣe ohunkóhun, tí ọkàn ẹ̀ ò kúrò lára òkú láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí kò gbà pé ẹni náà ti lọ, ẹ mú un lọ rí dókítà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọdún kan ni àwọn máa ń dúró fún àgbàlagbà. Tó bá ń sọ pé òun fẹ́ tẹ̀ lé òkú lọ ní tiẹ̀, ẹ má ka oṣù rárá, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ mú un lọ, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

* * *

Ẹnìkan bi mí pé ìwọ tó o ń kọ́ wa, kí lo ti rí? Ó tọ́ kó bi mí.

Ìyá mi kú ní 2009. Dúútì alẹ́ ni mo wà, abúlé tí ìyá mi wà ò ju máìlì 12 lọ sí ọsibítù náà. Wọ́n ní Nokia kékeré kan, wọ́n fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó so ẹ̀yìn ẹ̀ pọ̀ torí bátìrì ẹ̀ máa ń jábọ́. Wọn ò mọ̀wé. Àbúrò mi ló tò ó fún wọn pé tí wọ́n bá tẹ 2 tí wọn ò sì gbọ́wọ́ kúrò, èmi ló máa pè. Lóru ọjọ́ yẹn wọ́n fíláṣì mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo rí i. Aboyún kan ń rọbí lọ́wọ́, ó kígbe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì, mo sì ń lọ mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, nígbà tó bímọ tán ni mo jókòó tí mo wo fóònù. Mo ní káàdì ni màmá ń fẹ́, màá rà á ránṣẹ́ tílẹ̀ bá mọ́. Mo pọn omi gbígbóná, mo mu tíì. Ilẹ̀ mọ́, àbúrò mi ọkùnrin ló pè.

Rọpárọsẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a jọ ń tọ́jú láti ọdún pípẹ́.

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Mo tún wá rí nǹkan kan nínú ẹkún yẹn tí mi ò rí rí. Kó tó di ọjọ́ náà, tí wọ́n bá bi mí pé kí ló jẹ ẹ́ lógún jù láyé, iṣẹ́ mi ni mo máa dárúkọ, mi ò pa dúútì jẹ rí, mo sì máa ń fi yangàn. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ni mò ń sunkún. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé tẹ́nìkan bá pè lóru, kó gbọ́ ohùn èèyàn. Òun ni mò ń fún gbogbo ayé. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí pè mí, mo sáré. Ìyá mi pè mí, mo ní káàdì ni.

Láti ìgbà yẹn ẹni tó bá fíláṣì mi, ì báà jẹ́ aago 2 òru, mo máa pè é padà. Àwọn ọmọ mi ní mo ti ń ṣe é jù. Wọ́n lè máa wí. Fóònù yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi, rọ́bà ẹ̀ ti já, mo ti pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ ẹ gbọ́ apá kejì, torí apá yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹkún kan náà tó fi ohun tó jẹ mí lógún hàn mí ló tún ń sọ fún mi pé èmi ni mo pa ìyá mi. Odindi ọdún kan ló fi sọ ọ́. Èmi nọ́ọ̀sì, tí mo mọ̀ pé láti ibi tí ọ̀nà yẹn burú dé, tí mo bá tiẹ̀ gbé fóònù, ọkọ̀ wo ló máa gbé wọn dé lóru. Ìbànújẹ́ máa ń tọ́ka síbi tó tọ́, àmọ́ ó máa ń dárúkọ ẹni tí ò jẹ̀bi. Ẹ gba ibi tó tọ́ka sí, ẹ yẹ orúkọ tó ń dá wò kí ẹ tó gbà á.

Steven Hayes, onímọ̀ ọkàn ará Amẹ́ríkà kan tó wà lára àwọn tó dá ìtọ́jú ọkàn tí wọ́n ń pè ní ACT (Acceptance and Commitment Therapy) sílẹ̀, ohun tó ń kọ́ni sún mọ́ èyí, pé ibi tó ń dun èèyàn kì í jìnnà síbi tí ohun tó kà sí wà. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e kì í lé ìrora lọ ní tipátipá, wọ́n á bi ẹ́ pé kí lo ò bá má kà sí kí èyí má baà dùn ẹ́? Mo ti dán ìbéèrè yẹn wò lára ara mi. Kí n má ka ìyá mi sí kí n lè sùn? Mi ò lè gbà á.

* * *

Ìyá tó kọ̀wé láti Ẹ̀gbẹ̀, mo rí èsì yín. Ẹ ní ẹ sin ọmọ ọdún 9, kò kọ́ yín ní nǹkankan, ẹ ní ká jẹ́ káwọn èèyàn gbádùn ẹkún wọn.

Ẹ̀yin ni mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú gbogbo ẹni tó kọ̀wé síbí. Ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní dúró níwájú ìyá ọlọ́mọ kí n ní kó wá ẹ̀kọ́ jáde, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ò ṣèèyàn. Ọmọ yín ò kú nítorí kẹ́nikẹ́ni lè kọ́ nǹkan. Mo ti gbọ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ ní wọ́ọ̀dù, pé Ọlọ́run ní ìdí, nígbà tí ara ọmọ ò tíì tutù, ó sì máa ń ṣe mí bíi kí n lé wọn jáde. Mo ti rí àwọn tí ọ̀fọ̀ sọ di líle tí wọn ò sì padà rọ̀ mọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tó sunkún ló ríran, mo gbà. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ sọ, ẹ foríjì mí, ni pé ẹ kọ ọjọ́ orí ẹ̀ síbẹ̀ láìsí ẹni tó bi yín. Àwa náà ti mọ̀ pé ó wà. Ẹ kú ìrọ́jú o, Ọlọ́run á tu yín nínú.

* * *

Ní ti ìjákulẹ̀, torí àwọn kan ní ọ̀rọ̀ òkú nìkan ni mò ń sọ.

Yorùbá ti là á fún wa, ìjákulẹ̀ yàtọ̀ sí àbámọ̀. Ìjákulẹ̀ ni pé mo gbójú lé e, kò wá. Àbámọ̀ ni pé ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ìrora yín ń sọ, ẹ kọ́kọ́ mọ èwo ni. Ọmọbìnrin tí wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fún ní Ẹ̀kìnrìn-Àdè tí ọkùnrin náà sì yí padà, ìjákulẹ̀ nìyẹn, ẹ yé sọ fún un pé kó yẹ ara ẹ̀ wò. Ohun tó kọ ni pé èyí tó dun òun jù ni pé wọ́n dá iṣu àti epo padà ní ojú gbogbo àdúgbò. Iyì ilé bàbá ẹ̀ ló ń dùn ún. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ti sọ fún un irú ẹbí tó yẹ kó wá tó bá tún yá, àwọn tó máa mọ bí wọ́n ṣe ń kọ èèyàn láìdójútì í.

Tíṣà láti Mọpà ńkọ́. Wọ́n fo orúkọ wọn nígbà tí wọ́n ń yan pirinsípà, lẹ́yìn ọdún 22 lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn rò pé àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń dun àwọn, àtúnṣe tí àwọn fẹ́ ṣe, àfi ní ọjọ́ Sunday tí wọ́n pe pirinsípà tuntun náà sí ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì tí inú wọn gbóná bí ẹni gbé ẹyin iná mì. Wọ́n wá kọ ọ́ pé ìtìjú bá àwọn láti mọ̀ pé ìjókòó lásán ni.

Ẹ ṣeun sir, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, ó sì ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó ń sọ pé ìrora máa ń fi ohun tó níye lórí hàn wá, wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ohun rere nìkan ló máa ń fi hàn. Irọ́ ni. Ó lè fi hàn ẹ́ pé ipò lo fẹ́, pé o fẹ́ kí wọ́n máa dìde fún ẹ. Ìyẹn náà jẹ́ tìẹ. Àmọ́ kò sí òfin pé gbogbo ohun téèyàn bá bá nínú ọkàn ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fún lóúnjẹ. Ẹ wò ó, àtúnṣe tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yẹn, èwo nínú ẹ̀ lẹ lè ṣe nínú kíláàsì yín láìsí oyè? Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ò fẹ́ ṣe ìkankan, ẹ ti gbọ́ èsì. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ẹ ti gbọ́ òmíràn.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní onígbàgbọ́ kì í barajẹ́: ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Tẹsalóníkà ni pé kí wọ́n má banújẹ́ bí àwọn tí kò nírètí, kò ní kí wọ́n má banújẹ́. Jésù fúnra ẹ̀ sọkún nígbà tí Lásárù kú. Àwọn Mùsùlùmí ilé wa náà mọ̀ pé Ànábì sunkún nígbà tí ọmọ wọn Ìbúráhímù kú. Mi ò ní padà sórí eléyìí mọ́.

* * *

Àbúrò wa ti wá kọ nǹkan. Fún ẹni tí kò rí i, bó ṣe kọ ọ́ rè é:

“Màmá, mo ti bi ara mi. Omijé ò ní dá. Tí wọ́n bá ń wọn kajú, bàbá máa ń gbé síkéèlì tiwọn wá, wọ́n á ní èmi ni kí n máa ka kílò sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́, láti ìgbà tí mo ti wà ní Pámárì 4. Tí ọwọ́ síkéèlì bá kọjá ìlà díẹ̀, wọ́n á bù ú kúrò. Nígbà tí a ń ta oko, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún ẹni tó rà á pé igi 140 ló wà níbẹ̀. 97 ni. Èmi ni ẹni tó rà á wò lójú, ó ní ṣé òótọ́ ni, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè kọ èsì.

Àbúrò mi, àbámọ̀ nìyẹn. Òun ló dé pẹ̀lú òórùn kajú. Ẹ̀gbọ́n rẹ náà mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi yára sọ pé owó ni. O ò sunkún oko ju bàbá lọ. Ọmọ Pámárì 4 tó ń ka kílò sókè lò ń sunkún, bàbá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀.

Lọ bá ọkùnrin tó ra oko yẹn. Sọ iye igi fún un.

* * *

Gbogbo ọjọ́ méjì yìí ni ẹ fi bá mi jà lórí ìyẹn, mo sì ti ka gbogbo ẹ̀. Ẹ ní ẹni tó ń ra oko ló yẹ kó kà á. Ẹ ní á gbé e lọ sí stéṣọ̀n. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á dójú tì, ilé á tú. Ẹ ní owó náà ti wọ ilẹ̀ pẹ̀lú òkú.

Ti ẹ̀gbọ́n yẹn nìkan ló wúwo lójú mi. Nílẹ̀ wa èèyàn kì í fa ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lé aráàta lọ́wọ́. Nítorí náà kó má dárúkọ ẹ̀gbọ́n. Kó ní èmi ni wọ́n bi, èmi ni mo sì dáhùn, òótọ́ sì ni. Kó kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kó sọ fún un pé òun ń lọ, kì í ṣe láti gbàṣẹ o, kó má kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà ni. Kó mú àgbà kan dání. Kó mú owó díẹ̀ dání pẹ̀lú, torí àforíjì tó bá dé lọ́wọ́ òfìfo lórí ọ̀rọ̀ owó máa ń bí èèyàn nínú.

Ẹni tó ní á kàn fọkàn tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run kó gbàgbé ẹ̀, mo bi yín, ṣé Ọlọ́run ló ra oko?

* * *

Ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn ẹ̀ ló tó padà kọ̀wé, ó ní kí n bá òun sọ ọ́ torí òun ò mọ bí òun ṣe máa kọ ọ́. Ó lọ. Ọkùnrin náà bínú gidi. Ó ní òun ti ka igi náà láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìgbà tí òun ra oko, òun kàn ń wo ojú wọn ni, òun sì ti sọ fún ìyàwó òun pé bí ìran yẹn ṣe rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni àbúrò wa ní ó dun òun ju gbogbo owó lọ. Wọ́n ṣírò igi 43 tó dín, wọ́n pín in sí ìgbà 10, ó ti san àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò dá sí i, kò sì tíì gbé fóònù ẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo bá ẹ kẹ́dùn lórí ìyẹn, àbúrò mi, má dẹ́kun pípè é.

Kó tó kúrò lóko, ó bẹ ọkùnrin náà pé kó fún òun ní kóró kajú díẹ̀ láti abẹ́ igi tí bàbá fẹ́ràn jù, kí òun gbìn ín sẹ́yìnkùlé ìyá òun. Ọkùnrin náà ò fún un. Ó gbé síkéèlì jáde, ó wọn kílò kan, ó ní kó sanwó ẹ̀. Ó san án.

Ó wá ń bi wá pé báwo ni wọ́n ṣe ń gbìn ín. Mo bi àwọn àgbẹ̀ àdúgbò mi, ohun tí wọ́n sọ rè é. Da gbogbo ẹ̀ sínú omi, èyí tó bá léfòó, kó o kúrò, èyí tó bá rì ni kó o gbìn. Jẹ́ kó sùn nínú omi di ọjọ́ kejì. Dúró kí òjò tó rinlẹ̀ kó o tó gbẹ́ ihò. Kóró 2 sínú ihò kan, kí ibi tó ti so mọ́ èso kọjú sókè, má rì í jìn ju ìka méjì àbọ̀ lọ. Fi nǹkan bíi ẹsẹ̀ 30 sí àárín igi kan sí èkejì, á dà bíi pé àyè ti ṣòfò, má dà á lóhùn, igi á tẹ́ apá. Tí méjèèjì bá hù, fa èyí tí kò lágbára tu. Á tó ọdún 3 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, ewúrẹ́ ìyá rẹ ni kó o máa ṣọ́ títí dìgbà náà. Kó o tó kúrò níbẹ̀, ka iye ihò tó o gbẹ́, kó o kọ ọ́ sílẹ̀.